Kọ́kọ́rọ́ Kejì

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n mú àbúrò mi ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò kan bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn aráàlú pé, "Ṣé ó ṣe é, àbí kò ṣe é? Ẹ pè wá." Wọ́n sì ń pè é. Ọmọ ọlọ́mọ kò tíì fojú kan adájọ́, àmọ́ kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù, wọ́n á ti dá a lẹ́bi nígbà mẹ́rìnlá. Mo ń kà á.

Kọ́kọ́rọ́ ni àbúrò mi ń gé, ó sì ń tún àgádágodo ilẹ̀kùn ṣe. Wọ́n bá òkú olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú yàrá rẹ̀; wọ́n pa á ni. Ilẹ̀kùn ò já, fèrèsé ò fọ́. Àwọn ọlọ́pàá béèrè ẹni tó tún ilẹ̀kùn náà ṣe kẹ́yìn, wọ́n ní àbúrò mi ni, lóṣù méjì ṣáájú. Wọ́n lọ gbé e. Lọ́yà wa ní kò sí nǹkan mìíràn lọ́wọ́ wọn, pé tó bá pẹ́ jù, kó jẹ́ oṣù kan, wọ́n á fi í sílẹ̀. "Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lọ́wọ́ yín, Mà," ó ní. "Ẹ dákẹ́."

Èmi, kí n dákẹ́! Èmi tí mo pọ̀n ọ́n títí ẹ̀yìn mi fi ń ro mí!

Yàrá tí wọ́n ti ń lọ aṣọ nílé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Tábìlì gígùn mẹ́ta ló wà níbẹ̀, àti áyọ́ọ̀nù mẹ́fà, àti òkìtì aṣọ ibùsùn tí kì í tán, àti rédíò tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa. Obìnrin kan tí a ń pè ní Gbọ́yìísọ̀yí ló ń dúró ní iwájú mi. Tí ètò yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀, á lọ yí ohùn rédíò sókè, á wá wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o," ó wí lọ́jọ́ kan, "ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn, olè ni. Àyè ni kò tíì rí." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo tẹ áyọ́ọ̀nù mọ́lẹ̀ bí ẹni pé orí rẹ̀ ni mo ń lọ̀.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, obìnrin kan pe rédíò, ó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ̀ ni kí wọ́n bi léèrè, pé ìyá tó bá kọ́ ọmọ rẹ̀ kì í bí apààyàn. Ìyá mi! Obìnrin tó ti wà nínú ilẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn! Orí mi gbóná. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo dúró láàárín àwọn kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kó aṣọ ìdọ̀tí, mo sì pe nọ́ńbà wọn. Wọ́n gbé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin adájọ́ orí afẹ́fẹ́. Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni!"

Ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rọ̀ lójijì. "Ẹ káàbọ̀, Mà. Irú èèyàn wo ni àbúrò yín?"

"Olóòótọ́ ni. Ẹni tó bá gbé kọ́kọ́rọ́ wá, méjì ló ń gé. Á fún onítọ̀hún ní ọ̀kan, á kọ orúkọ rẹ̀ sára èkejì, á fi kọ́ ògiri lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, torí ọjọ́ tí tọwọ́ ẹni náà bá sọnù. Bí bàbá wa ṣe kọ́ ọ níṣẹ́ nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ ìdajì ìlú yìí ló wà lára ògiri yẹn láti ogún ọdún! Ta ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù rí nínú yín?"

"Ti olùkọ́ yẹn ńkọ́, Mà?"

"Ó wà níbẹ̀! Mo fi ojú mi rí i!"

Mo fi ìgbéraga sọ ọ́. Kí n má purọ́, inú mi dùn bí mo ṣe ń padà wọlé.

Kò sẹ́ni tó ń lọ aṣọ mọ́. Aṣọ kan ti ń jó lábẹ́ áyọ́ọ̀nù, òórùn rẹ̀ gba yàrá. Gbọ́yìísọ̀yí ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ṣé kọ́kọ́rọ́ ilé tèmi náà wà níbẹ̀?"

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Mo jókòó lé òkìtì aṣọ.

Kó tó di ọ̀sán, àwọn ọlọ́pàá ti dé ṣọ́ọ̀bù. Àwọn oníbàárà rẹ̀ náà dé, oníkálukú ń pariwo pé kí wọ́n fún òun ní tòun, wọ́n ń pe àbúrò mi ní orúkọ tí a kì í pe ajá. Lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan pe rédíò, ó ń rẹ́rìn-ín kèékèé: "Ẹnu òrofó ló pa òrofó!"

Mo lọ wo àbúrò mi ní àtìmọ́lé. Ó ti gbọ́; àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ wọn náà ní rédíò.

"Mo fẹ́ gbèjà rẹ ni," mo wí.

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi." Ó ní, "Àmọ́ ta ló bi yín?" Ó dìde, ó ní kí wọ́n máa mú òun padà, bẹ́ẹ̀ àkókò wa ò tíì pé.

Oṣù kan tí lọ́yà dá kọjá, wọn ò fi í sílẹ̀. Ìwé ilé ẹjọ́ ni wọ́n mú wá fún mi lẹ́nu iṣẹ́, níṣojú gbogbo wọn. Mo gbé e lọ bá lọ́yà. Ó kà á, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Ẹlẹ́rìí ìjọba ni wọ́n fi yín ṣe, Mà. Ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́."

"Màá ní irọ́ ni mo pa."

"Kọ́kọ́rọ́ yẹn ti wà lọ́wọ́ wọn."

"N ò ní lọ."

"Wọ́n á wá gbé yín."

Àìmọye èèyàn ló pe rédíò yẹn láti sọ ohun tí wọn ò mọ̀. Nínú gbogbo wọn, èmi nìkan ni ilé ẹjọ́ ránṣẹ́ pè.