Ohùn Tí Gildo Ń Dúró Dè

Fíìmù mẹ́fà ni Elvio ti ṣe, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ohùn rẹ̀ rí nínú ọ̀kankan. Rex Hardin ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, oníbọn láti Texas, bẹ́ẹ̀ ọmọ apẹja ará Chioggia ní Ítálì ni, kò fojú kan Amẹ́ríkà rí. Gildo, bàbá rẹ̀, ti fọ́jú. Tí wọ́n bá mú un lọ sí sinimá, yóò jókòó títí fíìmù yóò fi parí, yóò wá ní, "Ọmọ mi dà? Ará Róòmù kan ṣáá ni mò ń gbọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Elvio wọ eegun. Bàbá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Bí kò bá gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ nínú fíìmù keje yìí, ó lè má gbọ́ ọ mọ́ láéláé. Ni Elvio bá há gbogbo ọ̀rọ̀ tí Rex Hardin máa sọ sórí.

Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní aṣálẹ̀ Almería ní Sípéènì fi í ṣẹ̀sín. Wọn kì í gba ohùn sílẹ̀ níbẹ̀; Róòmù ni wọ́n ti máa ń fi ohùn ẹlòmíràn sí fíìmù. Orin tí Maestro Quirino, ọ̀gá olórin, ti kọ sílẹ̀ ni wọ́n ń lù sókè látinú ẹ̀rọ, kí òṣèré lè mọ bí yóò ṣe rìn, bí yóò ṣe wojú ọ̀tá. Ọ̀tá Elvio nínú fíìmù ń sọ èdè Jámánì. Obìnrin ará Sípéènì tó ṣe ìyàwó Rex Hardin ń sunkún, ó sì ń ka ohun tó máa fi sebẹ̀.

"Elvio, ta lò ń pariwo fún?" Tarcisio, olùdarí fíìmù, bi í. "Ka ení, èjì, ẹ̀ta bíi tàwọn ẹgbẹ́ ẹ. Ojú ẹ la gbà síṣẹ́, a ò gba ọ̀fun ẹ."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n fi ohùn ara mi sí i. Tìtorí bàbá mi ni."

"A máa rí i ní Róòmù."

Nígbà tó dé yàrá ìgbohùnsílẹ̀ ní Róòmù, ọkùnrin oníkùn bẹ̀ǹbẹ̀ kan ti jókòó síbẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì, ó sì ń fi ohùn tirẹ̀ sẹ́nu Rex Hardin, ó ń halẹ̀ mọ́ àwọn olè.

"Ọ̀gá, ẹ ṣèlérí fún mi!"

"Mo ní a máa rí i. Ṣebí a ti rí i báyìí?" ni Tarcisio wí. "Tí oníbọn bá ń sọ̀rọ̀ bí ará Chioggia, wọ́n á rò pé ẹja ló ń kiri."

Elvio la ẹnu láti dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ kọ̀, igbe ló jáde. Maestro Quirino sáré yọ látinú yàrá kejì.

"Ẹ dì í mú! Igbe ìkookò tí mo ti ń wá fún orin mi rèé! A fọn fèrè títí, kò jọ ọ́!"

Wọ́n gbé e síwájú ẹ̀rọ. Tarcisio tún bú Chioggia lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí igbe náà lè dán mọ́rán.

Ní sinimá Chioggia, Elvio jókòó ti bàbá rẹ̀. Rex Hardin ń sọ̀rọ̀ bí ará Róòmù, Gildo sì ń tòògbé. Nígbà tí ọkùnrin àkọ́kọ́ tí Rex yìnbọn lù ṣubú, igbe ta nínú orin. Gildo fò dìde.

"Elvio! Ta ló ń lu ọmọ mi?"

Gbogbo sinimá bú sẹ́rìn-ín. Ojú gba Elvio tì, ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú.

"Bàbá, ẹ jókòó. Èmi rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́," ni Gildo wí, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Jẹ́ n gbọ́ ọmọ mi."