Rédíò inú Mọ́rísì Clarrie

Glenys Tranter dùbúlẹ̀ gbalaja lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ Mọ́rísì àtijọ́ kan, ó ń fi púláyà bó èèpo wáyà dúdú ti rédíò tuntun. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń ṣe rewáyà ní ìlú Nyngan, kì í gé wáyà ju bó ṣe yẹ lọ.

Clarrie Hodge tó ni ọkọ̀ jókòó sórí garawa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Merle ìyàwó rẹ̀ wà ní ìjókòó tirẹ̀ nínú ọkọ̀. Ojú Merle ń ṣókùnkùn. Lóṣooṣù ni Clarrie ń gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní ìlú Dubbo, ní ọ̀nà jíjìn tí obìnrin náà kò rí mọ́. Ìdí nìyẹn tí Merle fi ní kí wọ́n fi rédíò sí ọkọ̀ náà, kóun lè máa gbọ́ eré bọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì lójú ọ̀nà.

"Ṣé o ti sùn sábẹ́ ibẹ̀ ni?" Clarrie bi Glenys.

"Ẹ̀yin lẹ máa ń sùn nídìí ọkọ̀, Bàbá Clarrie. Gbogbo ìlú ló mọ̀."

Merle rẹ́rìn-ín.

Glenys fi bóòtù de wáyà dúdú mọ́ ara ọkọ̀, bó ti máa ń ṣe sí gbogbo ọkọ̀. Ó lọ síwájú láti so bátìrì padà, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Orí bátìrì tó ní àmì ìròpọ̀ ni wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀, òdì pátápátá sí ti ọkọ̀ òde òní. Ká ní ó ti so ó ni, rédíò ì bá ti jóná kó tó fọhùn. Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ wò nìyẹn. Inú bí i sí ara rẹ̀.

"Bàbá, a máa yí bátìrì yìí padà."

"Rárá o. Bó ṣe wà nígbà tí bàbá mi rà á nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án."

"Rédíò á jóná."

"Kó jóná. Ṣebí a ti ń wà á láìsí rédíò."

"Clarrie," Merle sọ wọ́ọ́rọ́wọ́, "ojú mi ló ń lọ, etí mi ṣì wà. Bàbá ẹ ò sì ní bá mi dé Dubbo."

 Clarrie dìde, ó bá Glenys yí bátìrì náà. Glenys fi wáyà méjì orí kọ́ìlì pààrọ̀ ara wọn, ó mú wáyà kan láti orí bátìrì, ó sì fi ẹnu rẹ̀ kan dáínámò tó ń pèsè iná fún ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kó lè gba ètò tuntun. Iná ta pá níbẹ̀.

Clarrie yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn. Merle fọwọ́ wá bọ́tìnnì rédíò, ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn ọkùnrin kan jáde láti pápá kíríkẹ́ẹ̀tì ní Adelaide: wọ́n ti lé agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta kúrò lórí pápá.

"Àwọn wo ni wọ́n lé?" Clarrie béèrè.

"Dákẹ́, kí n gbọ́," ni Merle wí.

Glenys ṣa èèpo wáyà nílẹ̀, ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.