Àtúnṣe Tó Wọ Ẹ̀dà Kẹta Wọ́ọ́rọ́

"Wọ́n ní Bàbá Otakar ti sọ pé… àbí ẹ ò tíì gbọ́… Ẹ̀dà Kẹta yẹn, wọ́n ní wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ ọmọbìnrin yẹn… nítorí ohun tó ṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun…"

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń jà ràn-ìn láàárín àwọn tó ń tọ́jú ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ibùdó ojú ọjọ́ orí òkè fi ń wọn òjò dídì, títí ó fi dé etí Vendula ní Brno. Ètò ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló ń tún un ṣe. Wọ́n ti dé Ẹ̀dà Keje, ṣùgbọ́n àwọn ibùdó kan ò fẹ́ kí nǹkan yí padà lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀dà Kẹta ni wọ́n ń lò, àtúnṣe àléébù nìkan ni wọ́n ń gbà sínú rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni Vendula ti ń bá wọn gbé àtúnṣe láti ara ẹ̀dà tuntun wá sára àgbà ẹ̀dà yẹn. Kò sí iṣẹ́ tó fẹ́ràn tó o.

Inú ilé ìdáná Bàbá Otakar, àgbà wọn nídìí ètò náà, ló ti kọ́ ọ. Ìyàwó bàbá á gbé koláče, búrẹ́dì aládùn wọn, síwájú wọn, bàbá á máa fi ìka tọ ìlà kóòdù bí ẹni ń ka lẹ́tà ọmọ tó wà lájò. "Mú àtúnṣe nìkan, fi ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀. Kí o sì kọ ibi tí o ti mú un wá."

"Tí kò bá bá ìlà kankan jà ńkọ́, Bàbá?"

"Ìyẹn gan-an ni kí o bẹ̀rù."

Ẹ̀rín ni Vendula rín nígbà náà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àtúnṣe kan wọlé wọ́ọ́rọ́, ó sì fi ránṣẹ́. Ẹ̀dà Keje ló gbàgbé láti yọ ìwúwo òfìfo garawa tí òjò dídì ń bọ́ sí kúrò, òun ni àtúnṣe náà wá ṣe. Ẹ̀dà Kẹta ti ń yọ ọ́ tipẹ́, níbòmíràn. Ó wá di pé wọ́n ń yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìwọ̀n òjò dídì sì wá kéré ju òdo lọ lórí òkè. Kí ọ̀sán tó pọ́n, Vendula ti dá a padà, ó ti kọ̀wé sí gbogbo ibùdó pé òun lòun ṣe é.

Ó bá Radim, ẹlẹgbẹ́ wọn tó wà níbi tí Bàbá ti sọ̀rọ̀ nípàdé ọjọ́ Ẹtì, nídìí ọbẹ̀ ọ̀dùnkún.

"Ìyá olójò dídì, jókòó kí o jẹun."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣé wọ́n fẹ́ gbà á lóòótọ́?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo wọn."

"Gbogbo wọn ò sí níbẹ̀. Èmi wà níbẹ̀."

"Ẹ sọ ọ́ bí Bàbá ṣe sọ ọ́. Ẹ má fi iyọ̀ sí i."

Radim gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ó ní: 'Mo ṣe irú ẹ̀ rí nínú Ẹ̀dà Kìíní, ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi bò ó mọ́lẹ̀. Ọmọ yẹn ò jẹ́ kó di ọ̀sán. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́. Ẹ̀dà Karùn-ún tó wà lọ́wọ́ mi, ẹ gbé e kún tiẹ̀ fún un.'"