Òfin Gbà, Ìlú Ò Gbà

Ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn ti sú Adédoyin kó tó kúrò ní kíláàsì lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ogun Hítílà ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì l'Ádó-Èkìtì. Wọ́n ti dé ibi tí àwọn aṣòfin ìlú ọ̀hún ti ní kí wọ́n má yẹgi fún apànìyàn mọ́, tí wọ́n tún ní tọkọtaya tí àárín wọn ti dàrú pátápátá lè kọ ara wọn sílẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ń wá ẹ̀sùn síra wọn lẹ́sẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ọ̀pọ̀ aráàlú ni ò fẹ́ kí wọ́n pa yíyẹgi tì, síbẹ̀ àwọn aṣòfin ṣe é.

Ni akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Pamílẹ́rìn bá dìde, ó ní ìjọba tó ń ṣe ohun tí aráàlú ò fẹ́, irú ìjọba wo nìyẹn? Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Adédoyin bi wọ́n bóyá ohun tí èrò bá pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ló máa ń tọ̀nà nígbà gbogbo. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó kó ìwé rẹ̀, ó jáde.

Ìjan-Èkìtì ló gbà lọ, torí pé ẹbí ti pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ Àtinúkẹ́, àbúrò rẹ̀, tó jẹ́ tíṣà níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí Akínbọ́lá, ọkọ Àtinúkẹ́, ti kó lọ sí Ìbàdàn. Ó ti fẹ́ obìnrin mìíràn, ó ti bímọ síbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti so òun àti Àtinúkẹ́ pọ̀ lábẹ́ òfin, nítorí náà ilé ẹjọ́ gíga nìkan ló lè tú wọn ká. Àtinúkẹ́ wá gba lọ́yà. Ohun tó di ìpàdé nìyẹn.

Bàbá Ọláoyè, àbúrò bàbá wọn, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń tú ilé rẹ̀ ká ní kóòtù nínú ẹbí àwọn, kí Àtinúkẹ́ ṣe sùúrù, ọkùnrin yóò wálé. Adédoyin rọra ṣàlàyé pé wọn ò tíì bí òun àti àbúrò òun tí òfin Nàìjíríà ti fàyè gba irú ẹ̀. Bàbá ní òfin òyìnbó ni. Adédoyin ní òrùka tí wọ́n fi so wọ́n pọ̀ ńkọ́, ṣé Ìjan ni wọ́n ti rọ ọ́? Ìyàwó Bàbá ní kó ṣọ́ ẹnu rẹ̀.

"Doyin, mo wà ní Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí wọ́n ń ṣe òfin ìkọ̀sílẹ̀ tiwọn," ni Bàbá wí.

Wọ́n wá ròyìn òyìnbó obìnrin tí wọ́n gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ tirẹ̀ náà ti bá obìnrin lọ. Síbẹ̀, lójoojúmọ́ ni ìyá náà ń bú ìjọba pé wọ́n fẹ́ ba ilé onílé jẹ́.

"Kí ló wá ṣe nígbà tí òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Bàbá?"

Bàbá tún fìlà wọn dé. "Ó lọ sí kóòtù. Òun ló kọ́kọ́ lọ ládùúgbò wa."

"Ṣé ẹ rí i."

"Kí ni mo rí? Òyìnbó nìyẹn."

Ìyàwó Bàbá ní kò burú tí ìyá náà lọ, ìyà ti jẹ ẹ́ tó. Ó wá yíjú sí Àtinúkẹ́, ó ní kó ní sùúrù. Adédoyin wo gbogbo ilé yípo, bóyá ẹnì kan á gbọ́ ohun tí òun gbọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́.

Ìgbà náà ni Àtinúkẹ́ kúnlẹ̀. "Bàbá, nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n ní kí ọkọ mi wá fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin lẹ bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Kò wá. Ẹ má bínú, màá lọ sí kóòtù."

Ó lọ lóòótọ́. Akínbọ́lá ò yọjú sí kóòtù, adájọ́ sì tú wọn ká. Kò pẹ́ tí ṣọ́ọ̀ṣì fi ní kí Àtinúkẹ́ sinmi ná nínú kíkọ́ àwọn ọmọdé lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó ní ó ti dáa.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Adédoyin lọ bá a jọ́sìn. Bí wọ́n ṣe ń jáde, ìyá àgbà kan di Àtinúkẹ́ lọ́wọ́ mú, ó gbàdúrà gígùn pé kí Olúwa dá ọkọ rẹ̀ padà wálé kí ọdún tó parí. Àtinúkẹ́ kúnlẹ̀, ó ń ṣe àmín.

Nínú ọkọ̀, Adédoyin ò lè pa á mọ́ra. "Kí lò ń ṣe àmín sí? Ṣé adájọ́ ò ti tú yín ká ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n máa ṣàlàyé òfin fún ìyá arúgbó nínú oòrùn yẹn ni? Àmín yá jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Adédoyin pòṣé, ó ṣíná sí ọkọ̀.