Ẹ̀gbà Ìyá Wọn Nínú Ásíìdì

Kí ọkùnrin yìí tó fẹ̀yìn tì, ilé ìwé girama ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń po kẹ́míkà. Òun kọ́ ni tíṣà. Òun ló ń fọ ìgò, òun ló ń to ásíìdì sórí pẹpẹ, òun náà ló ń sáré gbé omi bí ó bá ta sí ẹnì kan lára. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń ṣe. Nígbà tó wá di ará ilé, ó ní ó kan òun.

Fàdákà ló mú. Á lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tú ẹ̀rọ àlòkù, á ra àwọn súìṣì ńláńlá tó ti kú, á fi ẹ̀mú yọ fàdákà tíntìntín tó wà lẹ́nu wọn. Tó bá ti kó wọn jọ, á wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, á bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, á kó wọn sínú ife gíláàsì tó nípọn, á wá rọra da ásíìdì lé e. Èéfín pupa á máa rú. Fàdákà á yọ́ bí iyọ̀, omi á di búlúù. Lẹ́yìn náà ni yóò ki ọ̀pá bàbà bọ inú rẹ̀, fàdákà á sì tún máa jábọ́ sísàlẹ̀ bí eérú tútù. Á fọ̀ ọ́ títí, á sá a, á fi iná gáàsì yọ́ ọ. Kì í tà á. Ó kàn ń fi í pamọ́ sínú agolo ìpara kan ni. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ohun tó wà nínú agolo náà jẹ́ gíráàmù mọ́kànlélógójì.

Bàbá Èéfín ni àwọn ará àdúgbò ń pè é. Ìyàwó rẹ̀, tó ń ta sítáǹbù ní ilé ìfìwéránṣẹ́, máa ń ní, "Ọkọ àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ wo bọ́ọ̀lù. Tèmi ń se súìṣì."

Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ló ní, obìnrin, aránṣọ, tó fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ. Ó ti di ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti ń bá ara wọn yan odì, ohun tó sì fà á kò ju ẹ̀gbà ọwọ́ kan lọ. Ìyá wọn kì í bọ́ ẹ̀gbà yìí, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tí kò mọ̀ pé ojúlówó fàdákà ni. Ọjọ́ tí wọ́n sin ìyá tán, ẹ̀gbọ́n ti wọ̀ ọ́ sọ́wọ́. Àbúrò ní kí wọ́n jọ jókòó sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ìwọ ọkùnrin, kí lo fẹ́ fi ẹ̀gbà ṣe? Àbí ìyàwó ẹ ló rán ẹ?" Ìyàwó tí wọ́n fà wọ̀ ọ́ yìí ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó di bó o lọ o yà mí.

Àfi bó ṣe di àárọ̀ Sátidé kan tí ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Ojú ti ń ṣú u, àwọn dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ẹ̀rù sì ń bà á. Ó bọ́ ẹ̀gbà náà lé orí tábìlì.

"Àbúrò mi, mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ kan ojú mi nígbà tí ìjà ṣì wà láàárín wa. Gé e sí méjì. Mú ìdajì, kó o fún mi ní ìdajì."

Omi lé sí ọkùnrin náà lójú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ mọ́. Kò sí fàdákà àtijọ́ tí kò ní bàbà díẹ̀ nínú. Màá fi ásíìdì yọ́ ọ, màá yọ ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò, màá wá dá a sí ègé méjì tó mọ́ tónítóní."

"Ṣé ayùn ò lè gé e ni?"

"Ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí."

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n lọ tán, ìyàwó rẹ̀ ní, "Ayùn ni wọ́n ní kó o lò o." Ọkọ rẹ̀ ti ń nu ife gíláàsì. Ó fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun rí ohun tí òun mọ̀ ọ́n ṣe.

Ohun mìíràn tó bá dé ọwọ́ rẹ̀, á kọ́kọ́ fi fáìlì ha á lára, á kán ásíìdì díẹ̀ sí ojú ibẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá fàdákà dé inú. Ti ìyá rẹ̀ yìí, kò ha á. Ta ní í yẹ ìyá ẹ̀ wò?

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó jù ú sínú ife. Èéfín rú, ẹ̀gbà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ṣùgbọ́n omi náà ń di àwọ̀ ewé, ó ń ṣókùnkùn sí i, kò sì jọ omi súìṣì rárá. Ó bu díẹ̀ sọ́tọ̀, ó kán omi iyọ̀ sí i. Bí fàdákà bá wà níbẹ̀, ó yẹ kó dì funfun bíi mílíìkì tó bàjẹ́. Ohun tó rí kò ju kùrukùru fẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Bàbà ni, bàbà tí wọ́n kàn rì bọ inú fàdákà lásán.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti ìbọ̀wọ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Sọ òótọ́ fún wọn," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Kí n ní kí ni? Pé ayédèrú ni ìyá wa ń wọ̀ kiri títí wọ́n fi kú? Pé mo sì ti yọ́ òun náà?"

Ó ṣí agolo ìpara. Ó yọ́ gbogbo iṣẹ́ ọdún mẹ́rin, ó dá a sí ègé méjì.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ̀gbọ́n gbé ègé tirẹ̀ lé àtẹ́lẹwọ́, ó sọ ọ́ sókè díẹ̀.

"Ó fúyẹ́. Oníkẹ́míìsì ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi bá mi wọn ẹ̀gbà yìí kí n tó gbé e wá. Ọgọ́ta gíráàmù ni. Gbé òṣùwọ̀n ẹ wá."

Wọ́n wọn méjèèjì pọ̀. Mọ́kànlélógójì.

"Mọ́kàndínlógún tó kù dà?"

"Ìdọ̀tí ló lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Bàbà."

"Bàbà wo? Abájọ tó ò fi jẹ́ kí n fi ayùn gé e."

Ìgbà yẹn ló wá sọ òótọ́: omi aláwọ̀ ewé, omi iyọ̀, agolo ìpara, gbogbo rẹ̀ pátá. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Kò tó ọ kó o jà mí lólè," ó ní, "o tún fẹ́ ba òkú lórúkọ jẹ́. Ìyá tó bí ẹ."

"Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ló ń sọ," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Fàdákà tiẹ̀ ló kó fún yín."

"Ta ni ì bá tún jẹ́rìí ẹ̀ bí kò ṣe ìwọ?"

Ó kó ègé méjèèjì sínú báàgì rẹ̀, ó sì jáde. Àbúrò rẹ̀ kò dá a dúró.

Kí oṣù tó parí, gbogbo ẹbí ti gbọ́ pé Bàbá Èéfín jí fàdákà ìyá rẹ̀ gbé. Àwọn kan pè é láti bá a wí. Àwọn tó kù kò pè é mọ́. Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Ọkùnrin náà kó ìṣó irin sínú omi aláwọ̀ ewé yẹn, bàbà ẹ̀gbà sì bọ́ sísàlẹ̀ ife bí ẹrẹ̀ pupa. Ó fọ̀ ọ́, ó sá a, ó dì í sínú bébà.

Ọjọ́ tó gbọ́ pé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ náà, ó fi bébà yìí sápò, ó ra ọsàn, ó lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní kó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó sì tètè jáde.

"Ẹ má bínú, bàbá. Wọ́n ní àwọn ò ní àbúrò."

Ó na ọsàn sí i. "Ojú wọn ńkọ́? Ṣé wọ́n ti ń ríran?"

"Wọ́n ń ríran dáadáa," ni nọ́ọ̀sì wí. "Láti ojú fèrèsé ni wọ́n ti rí yín pé ẹ ń bọ̀."