Ìrora Ezra Tuttle

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ezra Tuttle fi lóṣòó lẹ́yìn àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní kóńdó nínú eré besibọ́ọ̀lù, tó ń fọwọ́ lásán hán èyí tó bá kọjá wọn, nítorí ìbọ̀wọ́ kò tíì dé ìdí iṣẹ́ náà nígbà yẹn. Nígbà tí wọ́n fi í ṣe alákòóso ẹgbẹ́ wa ní Harlow Falls, ìka rẹ̀ ti kán títí ó fi rí kándúkàndu. Bàbá Atalẹ̀ ni àwọn ará Stanwick, ẹgbẹ́ tó ń bá wa figagbága, ń pè é. Òun a sì juwọ́ sí wọn.

Orúnkún mi bàjẹ́ lọ́dún náà, ni mo bá di ẹni tó ń jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé bọ́ọ̀lù tí ẹni tó wà lẹ́yìn yóò hán, ọwọ́ ló máa ń kọ́kọ́ dùn Ezra, kí wọ́n tó jù ú rárá. Èyí tí kóńdó yóò bá gbá kì í dùn ún. Ó sọ fún mi pé òun ti gbàdúrà sí i títí, Ọlọ́run kò mú un kúrò.

Ní oṣù Keje, ó ṣàdédé di ẹ̀bátí ara rẹ̀ mú. Kí n tó bi í léèrè, bọ́ọ̀lù ti ba Leander Pratt, ọmọ ẹgbẹ́ Stanwick tó di kóńdó mú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Ọjọ́ kejì ló kú. Àwa méjèèjì lọ sí ìsìnkú rẹ̀, ṣùgbọ́n Ezra kò lè kọrin.

Stanwick náà la tún bá pàdé lọ́jọ́ tí ọdún eré parí. Ọ̀gbẹ́ni Whitlock tó ni ẹgbẹ́ wa ti kìlọ̀ pé bí àsíá ìdíje kò bá wálé, kí Ezra wá iṣẹ́ mìíràn. Ọ̀sán ni, oòrùn mú. Ó ku ẹnì kan ṣoṣo tí a ó lé kúrò ká borí, Royal Penniman ti Stanwick, tó gbé kóńdó léjìká tó ń fi Clem Haskett, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wa, ṣẹ̀sín.

"Jù ú wá jàre, Clem. Ìyàwó mi ti gbé oúnjẹ kalẹ̀."

Ezra di ẹ̀bátí rẹ̀ mú.

"Obed, ó tún ti dé," ló wí fún mi.

"Ọ̀gá, tẹ́ ẹ bá wọbẹ̀, Whitlock máa lé yín."

"Mo mọ̀. Mo ti tẹ̀lé pósí kan lọ́dún yìí."

Ó rìn wọ inú pápá, ó sì dúró sáàárín Clem àti Penniman. Ó ní òun kò ní í kúrò títí Penniman yóò fi kúrò. Clem bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú omijé. Ìgbà mẹ́ta ni rẹfirí pàṣẹ fún un, lẹ́yìn náà ó yọ aago wò, ó sì fi eré náà fún Stanwick. Àwọn ará ìlú wa ń sọ ìdọ̀tí lù ú. Ẹnu géètì ni Whitlock ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Penniman wá bá wa níbẹ̀ láti fi í rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Atalẹ̀, ẹ kú ìnáwó àsíá o."

Ezra ṣí fìlà kí i. Ẹ̀rín kú lẹ́nu Penniman. Ní ẹ̀bátí Ezra, àmì òwú tí wọ́n fi ń rán bọ́ọ̀lù tò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pupa bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Kò sì sí ẹni tó ju bọ́ọ̀lù látìgbà tó ti dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Penniman fọwọ́ kan ẹ̀bátí ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ta ló jù ú lù yín?"

"Lọ jẹun, ọmọ mi," ni Ezra wí. "Ìyàwó ẹ ń dúró."