Orúkọ Ọmọ: Màmá

3.

…ìdí rèé tí wọ́n fi ń sọ pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu.

Òwe náà kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sọ pé ọmọ òkété yóò máa ka iye ẹnu tí ìyá rẹ̀ fà.

4.

*(páálí pẹlẹbẹ, tí wọ́n fi rìbọ́nnì pupa so mọ́ imú ọkọ̀)*

SÍ MÀMÁ WA Ọ̀WỌ́N,
AGBẸ̀BÍ ÀGBÀ TÓ FẸ̀YÌN TÌ PẸ̀LÚ ỌLÁ.
Ẹ ti fẹsẹ̀ rìn tó. Ó kù kí ẹ máa jókòó.
Ọkọ̀ oníná ni. Kì í mu epo. Kì í pariwo.
Láti ọwọ́ àwọn ọmọ yín:
ÀKỌ́BÍ, ÈKEJÌ, ÀBÍKẸ́YÌN.

Lẹ́yìn páálí, pẹ̀lú lẹ́tà wẹ́wẹ́: *Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan títí a ó fi dé.*

5.

Ẹ jẹ́ kí á mọ ẹni tí à ń sọ. Agbẹ̀bí ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ti gba ọmọ jáde nínú yàrá tí iná ti kú, lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, lórí àtẹ̀gùn ilé ìfowópamọ́. Ohun tó bá rí nínú yàrá olóyún, ikùn rẹ̀ ló ń bá a lọ. Ọkọ tó sá nígbà tí omi ya, ọmọ tó jọ ẹni tí kò yẹ kó jọ: ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Kànga jìn, ikùn Agbẹ̀bí jìn jù ú lọ. Ọkọ rẹ̀ ti lọ sinmi tipẹ́, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ohun tí òun náà sọ kó tó lọ.

Ẹnu ọ̀nà irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wa ohun tí kì í pa nǹkan mọ́ra wá.

6. Ẹ̀KỌ́ ÀKỌ́KỌ́

*(Olùkọ́: obìnrin kan tó wọ bàtà funfun, tí ilé ìtajà ọkọ̀ rán wá. Àkọ́bí jókòó sẹ́yìn.)*

OLÙKỌ́: Ó ti tàn, Mà.

AGBẸ̀BÍ: Kò tíì tàn.

OLÙKỌ́: Ó ti tàn.

AGBẸ̀BÍ: Mi ò gbọ́ igbe ẹ̀.

OLÙKỌ́: Kì í ké, Mà.

AGBẸ̀BÍ: Èyí tí kò bá ké, a máa ń gbá a nídìí ni.

OLÙKỌ́: Ẹ má gbá a, Mà. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ẹ rí i, ó ń dúró fúnra ẹ̀.

AGBẸ̀BÍ: Mi ò sì tẹ bíréèkì.

OLÙKỌ́: Bó ṣe ń dúró yẹn, iná tó ti ná ló ń gbà padà díẹ̀díẹ̀.

AGBẸ̀BÍ: Ahun ni.

OLÙKỌ́: Ó mọ ètò ni, Mà.

ÀKỌ́BÍ: Màmá, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó mọ ètò.

AGBẸ̀BÍ: Mo gbọ́ èdè tí wọ́n fi sọ ọ́, ọmọ mi.

7. OHUN TÓ TI MỌ̀ NÍPA ỌKỌ̀ NÁÀ

Ìdí àga máa ń gbóná. Ní àkọ́kọ́, ó rò pé ooru tó bá a jà nígbà tí nǹkan oṣù ń dáwọ́ dúró ló tún padà wá.

Wáípà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ó wọ́n omi àdúrà sójú gíláàsì iwájú, ọkọ̀ nù ún kúrò. Ó tún wọ́n ọn. Ọkọ̀ tún nù ún.

Kò sí gíà tí ènìyàn ń fọwọ́ yí. Gíláàsì pẹrẹsẹ kan ló wà níwájú, ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ń gbé: rédíò, afẹ́fẹ́, àwòrán ẹ̀yìn, àwòrán ẹ̀gbẹ́. Bó bá fẹ́ kí ara rẹ̀ tutù, àfi kó kàwé.

Wàyà tí ọkọ̀ fi ń gba iná lára ògiri dàbí ìwọ́ ọmọ. Èyí nìkan ni ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Kì í fà á tu. Ó máa ń gbé ọwọ́ lé e, á dúró kí iná ṣíwọ́ nínú rẹ̀, kó tó yọ ọ́.

Bọ́tìnnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùlé. Kò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó máa ń kí i.

8.

*(ohun tó fi ń kì í láàárọ̀, kó tó wọlé sínú rẹ̀)*

Ọkọ̀ mi, arìn-má-dún bí ológbò ilé àlùfáà,
ajẹná-má-yọ-èéfín,
adúró-kí-bíréèkì-tó-mọ̀.
Wọ́n ní ẹṣin ni ẹbí rẹ, o ò jẹ koríko.
Wọ́n ní ìjàpá lo jọ, o ò pọn ilé sẹ́yìn.
Ara ògiri lo fẹnu so mọ́ mu títí ilẹ̀ fi mọ́,
ọmọ tí kì í kọ ọmú.
Olójú káàkiri bí ọ̀pẹ òyìnbó,
máa bá mi rí ibi,
má jẹ̀ẹ́ kí ibi rí mi.

Bó bá kì í tán, iná iwájú ọkọ̀ á tàn. Agbẹ̀bí gbà pé ó gbọ́.

9.

AGBẸ̀BÍ: Olúwa, ṣílẹ̀kùn ayọ̀ fún mi lónìí.

ỌKỌ̀: Mo ti ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

AGBẸ̀BÍ: Àmín. Ta nìyẹn?

*(Láti ọjọ́ náà, ẹnu ọ̀nà ilé ló ti ń parí àdúrà.)*

10. ỌJỌ́BỌ̀

Lọ́jọ́bọ̀, lẹ́yìn ọ̀sán, ó máa ń sọdá afárá lọ sí ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ.

Aránṣọ jẹ́ ọkùnrin tó ń rán kóòtù, opó bíi tirẹ̀, tí téèpù ìwọnṣọ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Kò sí nǹkan kan tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ó ń ranṣọ. Agbẹ̀bí ń bá a tú òwú tó lọ́. Wọ́n á jiyàn lórí ẹsẹ Bíbélì kan títí tíì á fi tutù. Aránṣọ á ní òun kì í gbọ́ ìgbà tó ń dé, pé ẹni tó bá ń rìn láìdún báyìí, olè ni tàbí áńgẹ́lì. Agbẹ̀bí á ní kó ṣọ́ ahọ́n rẹ̀, pé òun kò sọ èyí tí òun jẹ́.

Lọ́jọ́bọ̀ kan Aránṣọ gbé síṣọ́ọ̀sì kalẹ̀, ó ní òun fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan. Ó ní òun ti kọjá ẹni tó ń kọrin lábẹ́ fèrèsé obìnrin. Ó ní ilé òun tóbi ju ohùn ẹnì kan lọ. Ṣé Agbẹ̀bí lè fẹ́ òun?

Ó ní kó má tíì dáhùn, kó lọ bá Ọlọ́run rẹ̀ sọ ọ́. Bí Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ bá dé tí òun sì rí i, kí àwọn jọ sọ ọ́. Bí òun kò bá rí i, òun ti gbọ́ èsì náà nìyẹn. Òun kò ní bínú. Òun kò sì ní tún béèrè mọ́, nítorí àgbà kì í kan ilẹ̀kùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Kí Agbẹ̀bí tó dé àárín afárá nígbà tó ń padà, ó ti mọ ohun tí òun máa sọ.

11.

*(orí fóònù, nínú ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ «ÀWA MẸ́TA». Màmá kò sí níbẹ̀.)*

ÀKỌ́BÍ: Ọkọ̀ Màmá ti wà lódì kejì afárá láti ọ̀sán.

ÈKEJÌ: Bóyá ó ń gba iná.

ÀKỌ́BÍ: Kò gba iná. Ẹ wo àwòrán yìí. Kámẹ́rà ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọkọ̀ ló yà á ránṣẹ́ sí fóònù mi. Ọkùnrin ló ń ṣílẹ̀kùn fún wọn yẹn.

ÈKEJÌ: Ta ni?

ÀBÍKẸ́YÌN: Aránṣọ ni. Àwọn ló rán ṣòkòtò ìgbéyàwó yín, Bọ̀ọ̀dá.

ÀKỌ́BÍ: Ṣòkòtò yẹn fún mi jù.

ÈKEJÌ: Ṣé ti ṣòkòtò là ń sọ? Ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá ńkọ́? Apòògùn ni mí, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Kò yẹ kí ọkàn wọn máa lù ju bó ṣe yẹ lọ.

ÀBÍKẸ́YÌN: Wọ́n kàn jókòó ni o.

ÀKỌ́BÍ: Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

ÀBÍKẸ́YÌN: Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n, ká gbọ́ tẹnu wọn.

ÀKỌ́BÍ: A ò lè bi Màmá nírú ìyẹn. Àrífín ni. Mo ti rí ojú ewé kan nínú ìwé ọkọ̀.

12. OJÚ EWÉ NÁÀ

Ìpò Òbí àti Ọmọ

Ìpò yìí wà fún òbí tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀ wíwà. Láti orí fóònù rẹ̀, òbí lè dín eré ọkọ̀ kù, ó lè dín ohùn orin kù, ó lè mọ ẹni tó jókòó ti ọmọ náà, ó sì lè fa ààlà tí ọkọ̀ kò ní kọjá.

Ọmọ kò lè yí ìpò yìí padà.

A gba òbí níyànjú láti kọ́kọ́ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀.

12½.

Orúkọ òbí: *Àkọ́bí*

Orúkọ ọmọ: *Màmá*

Ọjọ́ orí ọmọ: *Àádọ́rin*

⚠ A KÒ GBA IYE YÌÍ. Ẹ TÚN UN KỌ.

Ọjọ́ orí ọmọ: *Mẹ́tàdínlógún*

✓ Ó TI WỌLÉ.

Ibi tí ààlà wà: *Ẹsẹ̀ afárá*

Ṣé ẹ ti bá ọmọ náà sọ̀rọ̀?   ☑ *Bẹ́ẹ̀ ni*   ☐ *Rárá*

13.

Ẹnikẹ́ni kò bá a sọ̀rọ̀.

14. ỌJỌ́BỌ̀ TÓ TẸ̀LÉ E

Aṣọ aláwọ̀ aró ló wọ̀, èyí tó ń wọ̀ lọ sí ìsàmì àwọn ọmọ tó bá gbà jáde. Ó fi ìborí borí. Lójú ọ̀nà, ó fẹ́ kí orin rédíò lọ sókè díẹ̀, orin kọ̀. Ó fẹ́ kí ọkọ̀ yára díẹ̀. Ọkọ̀ ń rìn bí ìyàwó tí kò fẹ́ dé ilé ọkọ. Ó ní bóyá iná inú rẹ̀ ló ń lọ sílẹ̀. Ó wò ó. Ó kún bámúbámú.

Ní ẹsẹ̀ afárá, ọkọ̀ rọra dúró.

ỌKỌ̀: Ẹ ti dé ààlà. Òbí yín kò fọwọ́ sí ìrìn-àjò yìí. Ẹ yí padà.

Òbí? Agbẹ̀bí yíjú wo àga ẹ̀yìn.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ, ìyá rẹ̀ tẹ̀lé e, ó sì ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí igi tí wọ́n gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè wọn fi ń so. Ìgbà wo ni ará ọ̀run kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba inú ọkọ̀ sọ̀rọ̀? Àmọ́ ẹni tó bá ń gbàdúrà kì í yan ojú ọ̀nà tí èsì máa gbà wọlé. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló fi bẹ Ọlọ́run pé, bí ọ̀rọ̀ yìí kò bá dára, kó dá òun dúró kí òun tó sọdá. Wò ó, wọ́n ti dá a dúró.

Àwọn tó wà lẹ́yìn ń fun fèrè ọkọ̀. Ó gbé ọwọ́ láti yí ọkọ̀ padà. Bó bá yí i, Aránṣọ ti gbọ́ èsì rẹ̀ nìyẹn, kò sì ní tún béèrè.

Àṣà iṣẹ́ rẹ̀ ló gbà á. Agbẹ̀bí kì í fa ohunkóhun kó tó mọ ibi tí orí wà.

AGBẸ̀BÍ: Ẹ jọ̀ọ́, òbí mi wo? Bàbá mi ni, àbí ìyá mi?

ỌKỌ̀: Òbí yín ni Àkọ́bí.

AGBẸ̀BÍ: Ta wá ni ọmọ?

ỌKỌ̀: Ọmọ ni Màmá. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún.

15.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbé e. Ó rín in títí ìborí fi ṣí. Lẹ́yìn náà ni ó rántí bó ṣe rọbí ọmọ yẹn láti alẹ́ dé ọ̀sán ọjọ́ kejì, tí àwọn agbẹ̀bí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pa á lẹ́nu mọ́ pé, «Ṣe jẹ́jẹ́, ìwọ náà mọ̀ ọ́n ṣe.» Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró.

16.

Ó pe Aránṣọ lórí fóònù. Ó ní afárá kò jẹ́ kí òun kọjá.

Aránṣọ béèrè bóyá afárá ti wó.

Ó ní afárá kò wó, àwọn ọmọ òun ni.

Ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń dún lẹ́yìn ohùn Aránṣọ dákẹ́. Ó ní kó dúró síbẹ̀, òun ń bọ̀.

17.

Ó fẹsẹ̀ rin afárá náà já, téèpù lọ́rùn, abẹ́rẹ́ méjì lára kọ́là. Àwọn ọkọ̀ ń yà fún un. Nígbà tó dé, ó kí Agbẹ̀bí, ó jókòó, ó so bẹ́líìtì mọ́ra. Kò béèrè nǹkan kan. Ó kàn ní inú ọkọ̀ yìí dákẹ́ dáadáa, pé ènìyàn lè gbọ́ ọkàn ara rẹ̀ níbí.

ỌKỌ̀: Ẹnì kan ti jókòó sí ọ̀tún. A ti fi tó òbí létí.

18. ÒBÍ Ń PÈ

*(Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà lórí ìlà. Ohùn wọn ń jáde láti gbogbo ara ọkọ̀.)*

ÀKỌ́BÍ: Màmá, ẹ kú ọ̀sán. A rí i pé ẹ dúró sójú kan. Ṣé kò sí o?

AGBẸ̀BÍ: Kò sí. Ààlà ni mo dé.

ÀKỌ́BÍ: Ẹ má bínú, Màmá. Nítorí yín ni. Afárá yẹn léwu.

AGBẸ̀BÍ: Afárá.

ÈKEJÌ: A kàn ń ṣìkẹ́ yín ni, Màmá.

AGBẸ̀BÍ: Mo rí i. Mo sì ti di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún.

ÀBÍKẸ́YÌN: Màmá, mo sọ fún wọn o.

ÈKEJÌ: Ìwọ, dákẹ́.

ÀKỌ́BÍ: Ẹ̀rọ ló ń béèrè ọjọ́ orí, Màmá, kì í ṣe pé… Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ ní ẹnì kan wà níjòkòó ọ̀tún.

AGBẸ̀BÍ: Ẹnì kan wà.

ÀKỌ́BÍ: Ta ni, Màmá?

*(Aránṣọ yọ téèpù kúrò lọ́rùn, ó rọra ká a.)*

AGBẸ̀BÍ: Wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ibi tí mo ti ń lọ dá wọn lóhùn lo ti dá mi dúró. Kò burú, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jọ gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni ni.

ÀKỌ́BÍ: Bẹ́ẹ̀ ni kí ni, Màmá? Ìbéèrè wo?

AGBẸ̀BÍ: Àgbà ló jókòó tì mí yìí. Wọ́n jù ẹ́ lọ, wọ́n sì ju èmi gan-an lọ. Wọ́n ti ń gbọ́ ohùn ẹ látẹ̀ẹ̀kan.

ÀKỌ́BÍ: Màmá…

AGBẸ̀BÍ: Kí wọn, ọmọ mi.